Ìwọ̀ Onílẹ̀kẹ̀

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mi ò fi ẹsẹ̀ kan omi odò. Mò ń wẹ̀ nílé, mò ń pọn omi níbi ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, bí ọ̀nà oko bá sì gba orí afárá, màá sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù mi, màá máa tì í lọ, màá kọjú síwájú. Àwọn ará Manigri, ìlú wa, ti mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í bi mí ní ìdí rẹ̀ mọ́, torí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ ọ́n.

Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ohun tí mo sọ fún wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tí èyí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí odò kún, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú ọkọ̀ igi. Àgbẹ̀ ni àwa méjèèjì, iṣu àti kajú là ń gbìn, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́ díẹ̀, a máa ń lọ pẹja nínú odò tó wà ní apá ọ̀nà Doguè. Èmi ni mò ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀, òun ló ń ju àwọ̀n. Ẹni tó bá ń ju àwọ̀n lọ́dọ̀ wa máa ń so okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, kí àwọ̀n má baà bá omi lọ. Nígbà tí a dé ibi tí omi ti ń sáré láàárín àwọn àpáta, àwọ̀n kọ́ sí ìsàlẹ̀. Omi ń gbé ọkọ̀ lọ, àwọ̀n kò tẹ̀ lé e, okùn sì fa ọ̀rẹ́ mi jáde. Ọkọ̀ dojú dé. Mo bá ara mi lórí àpáta pẹlẹbẹ kan. Òun kò dé ibẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i, okùn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹbí pé jọ, àgbà kan bi mí pé, "Ẹ̀yin méjèèjì kò mú ọbẹ dání ni?" Mo ní a mú un dání, ó bọ́ sómi nígbà tí ọkọ̀ dojú dé. Àgbà náà mi orí. Ọ̀rọ̀ tán.

Ọbẹ kò bọ́ sómi. Ìbàdí mi ló wà. Ọ̀rẹ́ mi kò jìnnà sí mi ju ìwọ̀n yàrá kan lọ, orí rẹ̀ ń yọ, ó ń rì, apá rẹ̀ nà tààrà sí ibi tí okùn ń fà á sí, ó sì pe ọbẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àpáta mú. N kò mọ̀ bóyá ǹ bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé n kò gbìyànjú.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Iwájú ilé rẹ̀ ni mò ń gbà lọ sóko, ó sì máa ń kí mi, ó máa ń béèrè àwọn ọmọ. Irọ́ ọbẹ yẹn ni mò ń gbé kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi yìí ń gbé ní Kánádà. Kò sí nílé nígbà tí a sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ìparí òjò tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá dé, ẹ ó mú mi lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ àpáta náà."

Mo ní, "Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀." Mo rò pé ó máa mọ̀ pé n kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo lọ pàdé rẹ̀ ní Bassila, níbi tí ọkọ̀ ńlá láti Kútọnu ti máa ń já èrò. Ó ti sanra, ó sì wọ bàtà tó ga dé ojúgun bí ẹni tó ń lọ sógun. Ó di mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. N kò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó wá sílé mi, ó sì mú àpótí pẹlẹbẹ kan jáde. Ó ní ẹnì kan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ níbi ìkẹ́rùsí ló kọ́ òun ní ẹja pípa lọ́hùn-ún. Ẹja kan wà tí wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní dọrẹ, ojú rẹ̀ sì máa ń tàn bíi ti ológbò bí iná bá kàn án.

"Ó jọ kapitẹ́nì tiwa," ni ó wí. Kapitẹ́nì ni ẹja ńlá funfun tí ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ó máa ń sùn nídìí àpáta. Òtítọ́ ni pé ojú tirẹ̀ náà máa ń tàn. "Ohun tí dọrẹ bá jẹ, ó yẹ kí kapitẹ́nì jẹ ẹ́."

Ohun tó kọ́kọ́ mú jáde nínú àpótí náà jẹ́ méjì, bákan náà ni wọ́n rí. N kò rí irú rẹ̀ rí. Okùn ọ̀rá tó gùn tó ìgbésẹ̀ kan ni, ìwọ̀ méjì sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì bí àwọn tó ń lọ sí ọjà. Lókè àwọn ìwọ̀ náà ni wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké sí, pupa kan, àwọ̀ ewé kan, títí tí ó fi pé mẹ́fà. Lókè ìlẹ̀kẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan wà, ó rí bí orí ṣíbí tí kò ní ọwọ́, ó ń dán, ó sì ń mì fúnra rẹ̀ bí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ.

Ìyàwó mi gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí.

"Ìyàwó ta lẹ ra èyí fún? Ìwọ̀ méjì fún etí kan ṣoṣo! Àwọn obìnrin Kánádà lágbára o."

"Ẹ rọra, aya wa," ni àbúrò wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí ó bá kọ́ yín létí, a ò ní lè yọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa wá di dọrẹ."

"Bí mo bá di dọrẹ, ṣé ọkọ mi á lè wọ odò wá mú mi?"

Ìyàwó mi kò ní nǹkan kan lọ́kàn tó fi sọ ọ́. Nígbà tí ó rí ojú mi, ó dá ìlẹ̀kẹ̀ náà padà, ó sì lọ wo ìkòkò rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tó wà nínú àpótí ni wáyà líle méjì, ọ̀kan fún okùn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tẹ̀ bí apá ẹni tó ká ìgúnwọ́. Òjé wà ní àárín apá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àbúrò ṣàlàyé fún mi: ibi tí wáyà ti tẹ̀ ni okùn tó wà lọ́wọ́ ẹni ń so sí. Òpin apá òkè ni a ń so okùn onílẹ̀kẹ̀ mọ́. Apá ìsàlẹ̀ á máa fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ odò, á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí òkúta, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìwọ̀ á sì máa fò tẹ̀ lé e lẹ́yìn láìkan ẹrẹ̀. Ekòló ni a ń fi sí ìwọ̀ méjèèjì, kí ó nà gbọọrọ.

Mo bi í pé, "Ta ló ń fà á?"

"Ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì. A ó máa lọ jẹ́jẹ́, yóò máa tẹ̀ lé wa."

"N kì í wọ ọkọ̀ ojú omi."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi wá ọkọ̀."

Ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó ti ṣẹ́ sí méjì nígbà tí wọ́n kó ẹrù òun jáde nínú ọkọ̀ òfurufú. Torí náà a wé okùn ọ̀rá gígùn kan mọ́ agolo wàrà tó ti ṣófo, bí a ti máa ń ṣe níbí. Èmi ni mo so ó mọ́ wáyà náà. Inú mi dùn díẹ̀ bí mo ṣe ń so ó, n kò ní purọ́. Ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta a lọ sí etí odò, níbi tí omi ti dákẹ́, tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ. Mo yan ibẹ̀ torí ó jìnnà sí àwọn àpáta. Mo dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo ṣiṣẹ́ lórí ìwọ̀ náà bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n. Mo fi ekòló sí i, lẹ́yìn náà mo mú ọṣẹ ìfọṣọ kan jáde ní àpò mi, mo gé e wẹ́wẹ́, mo gún un mọ́ ẹnu ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ wa, ọṣẹ ni a fi ń pa ẹja àrọ̀. Òórùn rẹ̀ ló ń pè é.

Àbúrò ń wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ pa ẹja ni àbí ẹ fẹ́ wẹ̀ ẹ́?"

"O ti pẹ́ jù lọ́hùn-ún. Ṣé o ti gbàgbé ọṣẹ ni?"

"Mi ò gbàgbé. Bí dọrẹ bá rí yín báyìí, yóò béèrè kàìnkàìn."

Mo ju ú sómi, mo so òpin okùn mọ́ gbòǹgbò igi, mo jókòó. Bí a ṣe ń dẹ ìwọ̀ níbí nìyẹn: o dẹ ẹ́, o fi í sílẹ̀, o lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. A jókòó títí oòrùn fi gun orí wa. Nígbà tí mo fà á jáde, òjé ti rì sínú ẹrẹ̀, irin dídán náà ti kún fún ẹrẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kò hàn mọ́. Akàn ti jẹ ekòló tán. Ọṣẹ ti rọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. A rẹ́rìn-ín méjèèjì, èmi fúnra mi rẹ́rìn-ín.

Àbúrò fọ̀ ọ́ mọ́, kò jẹ́ kí n fi ọṣẹ sí i mọ́. Ó jù ú jìnnà, ó di okùn lọ́wọ́, ó sì ń rìn lọ ní etí omi, ó ń fà á tẹ̀ lé ara rẹ̀ bíi màlúù. Mo rí irin náà nísàlẹ̀ omi bí ó ti ń yí, tí ó ń tàn, tí ó ń pa iná. Ẹpìà kékeré mẹ́ta jáde láti abẹ́ koríko, wọ́n tẹ̀ lé e, wọ́n wò ó, wọ́n padà sílé wọn. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò pọ̀ létí omi. Kò lè rìn ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kí ó tó dúró láti tú okùn. Nígbà tó yá ó rẹ̀ ẹ́.

Mo gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè fọ ìwọ̀ náà. Ní òpin ibi omi dídákẹ́ yẹn, omi ń gba àárín òkúta méjì jáde, kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Mo dúró lórí òkúta kan, mo rọ ìwọ̀ náà síbẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò sí ẹni tó fà á. Omi ń kọjá lára rẹ̀, ó ń yí fúnra rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ nà, ekòló nà gbọọrọ, ó jọ ohun tó wà láàyè.

N kò ronú kí n tó la ẹnu. Mo ní, "Kò nílò ọkọ̀. Omi tó ń sáré ló ń fẹ́. Bí a bá dẹ ẹ́ síbi tí omi ti ń sáré, a lè fi í sílẹ̀, omi á ṣe iṣẹ́ náà."

Àbúrò kò wo irin náà mọ́. Ojú mi ni ó ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ni omi ti ń sáré jù?"

Mo wé okùn mọ́ agolo. Mo wé e dáadáa, n kò jẹ́ kí ó lọ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ọ̀la."

Nígbà tí a délé, mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe. Mo wọ inú ahéré tí a ń kó kajú sí, mo mú ọbẹ náà jáde lẹ́yìn àpò, mo pọ́n ọn. Ó ti di àṣà mi. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo máa ń pọ́n ọn, n kò sì fi í gé nǹkan kan rí láti ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ ló fi rọ́bà pupa inú táyà wé ọwọ́ ọbẹ náà, ó hun ún ní oríṣi ìhun kan tí n kò lè hun. Mo ní ọbẹ mìíràn. Mo rò ó pé kí n mú òmíràn dání lọ sódò. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mú tó o, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo fi í sí ìbàdí, mo sọ aṣọ bò ó, mo sì sọ fún ara mi pé kò sí ohun tó máa mú kí n yọ ọ́.

Bí a ṣe ń lọ ní ọjọ́ kẹrin, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, koríko etí ọ̀nà ti funfun. Mo mú òjé mẹ́ta tí mo tú lára àwọ̀n àtijọ́ mi dání, torí mo mọ̀ pé òjé ara wáyà yẹn kéré jù fún omi ibẹ̀. Bí a ṣe ń súnmọ́ ibẹ̀ ni mò ń gbọ́ ariwo omi. Àbúrò ń sọ̀rọ̀ nípa yìnyín, pé ó máa ń mú odò le débi pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè rìn lórí rẹ̀. Mò ń dá a lóhùn. N kò rántí ohun tí mo sọ.

Omi ti fà ju ti ọjọ́ náà lọ. Àpáta pẹlẹbẹ náà hàn gbangba, ó ti gbẹ lókè, omi tí kò fẹ̀ ju ìgbésẹ̀ méjì lọ ló sì wà láàárín òun àti etí odò. Mo na ìka sí i.

"Ibí ni èmi wà." Mo na ìka sí ibi tí omi ti ń fọ́ funfun. "Ọ̀hún ni òun wà."

Àbúrò bọ́ fìlà rẹ̀.  Ó ṣe àdúà, èmi náà ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní, "Ó dára. Ẹ jẹ́ ká dẹ ìwọ̀. Òun náà ì bá fẹ́ rí i."

Ó fò lọ sórí àpáta náà. Èmi dúró létí odò. Ó yí padà wò mí. Mo wo omi tó wà láàárín wa, kò jìn ju kókósẹ̀ lọ. Mo bọ́ bàtà. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ó tutù, mo gbé èkejì, mo sì dé orí àpáta.  Mo jókòó lójú ẹsẹ̀, bí mo ṣe jókòó nígbà náà.

A fi òjé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún ti wáyà, mo fi okùn dì wọ́n pọ̀. Nígbà tí a rọ̀ ọ́ sílẹ̀, omi gbé e díẹ̀, lẹ́yìn náà òjé fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó dúró. A rí irin náà tó ń yí nísàlẹ̀ bí owó fàdákà. Mo sọ fún un pé kí ó so òpin okùn mọ́ ṣóńṣó àpáta tó wà lẹ́yìn wa.

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bí mi ò bá dì í mú, báwo ni màá ṣe mọ̀ bí ó bá jẹ?" Ó ń wé okùn mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti pẹ́ lókè òkun, ṣùgbọ́n bí a ṣe kọ́ gbogbo wa ní kékeré nìyẹn, pé kí okùn má baà bọ́.

"Má wé e mọ́ ọwọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di ìyá arúgbó."

"Mo ní má wé e mọ́ ọwọ́."

"Ẹja kékeré ni a fẹ́ pa, kì í ṣe erinmi. Ẹ jókòó, ẹ—"

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Okùn nà tààrà. Ó fà á mọ́ra, ó pariwo ayọ̀, lẹ́yìn náà ariwo náà yí padà. Okùn ti há mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì lè tú u. Bàtà ńlá rẹ̀ ń yọ̀ lórí ibi tí àpáta ti tutù. Ẹsẹ̀ kan wọ omi dé orúnkún. Èkejì tẹ̀ lé e. Apá rẹ̀ nà síwájú rẹ̀. Mo ti rí apá tó nà bẹ́ẹ̀ rí.

N kò lè sọ pé mo pinnu. Mo kàn mọ̀ pé mo ti wà nínú omi dé itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọbẹ wà lọ́wọ́ mi, mo sì gé okùn náà. Ó gé bí ẹni gé òwú. Àbúrò ṣubú sẹ́yìn sórí àpáta. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún gun òkè tẹ̀ lé e. Nínú omi funfun, ẹja náà fi ẹ̀gbẹ́ hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn àpótí, ó sì lọ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà, irin dídán, wáyà àti òjé àwọ̀n mi.

"Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ ṣe yìí? Kapitẹ́nì ni! Ẹ rí i bó ṣe tóbi tó? Mo fẹ́ẹ̀ mú un! Mo fẹ́ẹ̀—"

 Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, níbi tí okùn ti gé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń wò. Ọbẹ ni ó ń wò. N kò tíì fi í pamọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló hun rọ́bà yẹn," ni ó wí. "Ó ṣe irú rẹ̀ fún èmi náà nígbà tí mò ń lọ. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú." Ó tún wo ọbẹ náà. "Wọ́n ní ẹ ní ó bọ́ sómi."

Mo ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé lẹ́yìn náà lẹ rí i?"

Ó fún mi ní ọ̀nà àtisá. Mo rí i pé ó ṣe é. Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, odò ló gbé e jáde, ọ̀rọ̀ ì bá tán níbẹ̀.

"Kò bọ́ sómi rárá. Ìbàdí mi ló wà. Ó pè é, n kò lọ. Ẹ̀rù bà mí."

Omi ń pariwo. Àbúrò wo ibi tí omi ti ń fọ́ funfun, ó wo àpáta tí a jókòó lé, ó tún wo ọ̀hún. Mo mọ̀ pé ó ń wọn ọ̀nà náà pẹ̀lú ojú. Mo ti wọ̀n ọ́n fún ọdún mẹ́rin.

"Omi ọjọ́ náà ju èyí lọ?"

"Ó bo ibi tí a jókòó yìí, ó dé àyà mi níbi tí mo jókòó."

 Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ nù, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Mo fa ṣẹ́ẹ̀tì mi ya, mo di ọwọ́ rẹ̀ fún un, ó sì jẹ́ kí n dì í. A rìn padà dé ibi tí alùpùpù wà. Nígbà tó gòkè sẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹ má sọ fún ìyá. Ó ti dàgbà."

Mo ní, "Ó ń kí mi lójoojúmọ́."

"Mo ní ẹ má sọ ọ́."

"Mo gbọ́."

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ní ọjọ́ kejì mo lọ. Ìyá jókòó sábẹ́ igi mángòrò níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó iṣu tí yóò bọ̀, tí yóò sá gbẹ, kí ó fi ṣe gbodo. Apẹ̀rẹ̀ ńlá kan ló wà níwájú rẹ̀, irin kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ ti kú ló sì fi ń bó o. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì wo ojú rẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. 

"Ọbẹ náà dà?"

Mo gbé e fún un. Ó fi àtàǹpàkò pa rọ́bà pupa náà, ó tẹ̀ lé ìhun rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú iṣu kan, ó gé e sí méjì.

"Ó mú," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Mo máa ń pọ́n ọn."

"Fún ọdún mẹ́rin."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ju irin tó ti kú náà sí iwájú mi. "Jókòó. Bó iṣu."

Mo jókòó, mo bó iṣu. Òun ń fi ọbẹ bó tirẹ̀, èèpo ń ṣubú ní tẹ́ẹ́rẹ́. Tèmi ń fà, ó ń ya ara iṣu, ọwọ́ sì ń dùn mí. Àbúrò jáde láti inú ilé, ó rí wa, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tí a fi aṣọ dì, ó sì wọlé padà. A bó apẹ̀rẹ̀ náà tán. Kò sọ fún mi pé òun dárí jì mí, n kò sì béèrè. Nígbà tí mo dìde, kò dá ọbẹ náà padà.

Kí àbúrò tó padà sí Kánádà, ó mú ìwọ̀ onílẹ̀kẹ̀ kejì wá fún mi, pẹ̀lú wáyà rẹ̀.  Ó kàn ní, "Ẹ so ó mọ́ àpáta, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ ṣe sọ."

Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èmi nìkan. Mo di òjé pọ̀, mo fi ekòló sí i, n kò fi ọṣẹ sí i, mo so òpin rẹ̀ mọ́ ṣóńṣó àpáta, mo sì padà sí etí odò láti lọ jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ lófo. Ní ìgbà kẹrin mo rí okùn tó ń gbọ̀n. Kapitẹ́nì ni, kì í ṣe ńlá, ó gùn tó apá mi láti ìgúnwọ́ dé ìka.

Mo gbé e lọ fún ìyá. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ kan pé kí ó mú ọbẹ wá, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ pupa. Ó la ikùn ẹja náà, ó kó ohun inú rẹ̀ jáde, ó ṣe é bí ẹni tó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Kò wò mí nígbà tó bi mí.

"Ṣé o wọ omi?"

"Mo wọ̀ ọ́, ìyá."

"Ó dé ibo?"

"Kókósẹ̀."

Ó gé orí ẹja náà, ó fi í sínú àwo, ó tì í sí ọ̀dọ̀ mi kí n gbé e lọ sílé.

"Ó tó," ni ó wí. "Má kọjá ibẹ̀."